Oṣù Tí Ọmọ Gbéra: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Òbí Tí Ọmọ Wọn Fẹ́ Lọ Parí Sẹ́kọ́ńdìrì Lókè Òkun

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ìmúra ọdún Kérésìmesì. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílùú Ìbàdàn níbí kí n tó kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ìṣirò kan náà di òní olónìí. Mo ti kọ káàdì rípọ́ọ̀tù fún ọmọ tó ń lọ, mo sì ti wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ tó ń bọ̀ tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wọ ọ́fíìsì ilé-ìwé, tí ìyá náà di fáìlì mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi mí jù ni pé, “Ṣé wọ́n máa gba WAEC ọmọ mi lọ́hùn-ún?” Ìbéèrè gidi ni, n ó sì dáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé: ọjọ́ wo gan-an la bí ọmọ náà, kíláàsì wo ló wà báyìí, oṣù wo lẹ sì fẹ́ kó gbéra? Mo ti rí ọmọ tó mọ̀wé bí idán tó pàdánù ọdún méjì nítorí pé oṣù kìíní ló dé, mo sì ti rí èyí tí kò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ tó wọlé wẹ́rẹ́ nítorí pé oṣù kẹsàn-án ni tirẹ̀. Oṣù tí ọmọ gbéra ń ràn án lọ́wọ́, tàbí kó pa á lára, ju máàkì tó gbé dání lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ kò ju èyí lọ, àlàyé rẹ̀ ni yóò gba àkókò díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ìwé ẹ̀rí tiwa ti ṣẹ̀. Àwọn àgbà àárín wa tí wọ́n jáde ìwé mẹ́wàá láyé àtijọ́ yóò rántí tàbí kí wọ́n ti gbọ́ pé Cambridge ló ń ṣe ìdánwò fún wa kí WAEC tó dé. Ọdún 1952 ni wọ́n dá WAEC sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ètò Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á lo ọdún márùn-ún ní girama, á ṣe School Cert. Bí orí rẹ̀ bá pé tí owó sì wà, á tún lọ sí HSC, lower six àti upper six, ọdún méjì gbáko, kó tó wọ yunifásítì fún ọdún mẹ́ta. School Cert bá O-level tiwọn dọ́gba, HSC bá A-level dọ́gba, ẹni tó bá sì gbé èyíkéyìí nínú méjèèjì kọjá òkun kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Láti ọdún 1982 ni ilẹ̀ wa ti bọ́ sínú ètò 6-3-3-4. Nínú ètò yìí ni HSC ti kógbá wọlé, tí wọ́n sì ti ọdún kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ wọ yunifásítì. Ìdí nìyẹn tí dìgírì ọdún mẹ́ta fi di ọdún mẹ́rin. Gẹ̀ẹ́sì náà tún tiwọn ṣe: ọdún 1988 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdánwò GCSE tó rọ́pò O-level, ṣùgbọ́n wọ́n fi A-level sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹ fojú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wò ó. Òkè ilé tiwọn ṣì wà lórí ìsàlẹ̀. Àwa ti wó òkè tiwa, a sì ti kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ kọ́ yunifásítì. Ọmọ tó parí SS3 lọ́dọ̀ wa ti ka ìwé fún ọdún méjìlá, kò sì ní ilé míì láti gùn mọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á wo ìwé rẹ̀, wọ́n á ní ìsàlẹ̀ ló ti parí, òkè ṣì kù.

Nítorí náà ni UK ENIC, àjọ tó ń fi ìwé ẹ̀rí òkèèrè wé ti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní UK NARIC títí di ọdún 2021, ṣe máa ń fi ìwé WAEC wa sí ìpele GCSE, kì í ṣe ìpele A-level. Ní gbogbogbòò, láti A1 dé C6 ni wọ́n ń kà sí àṣeyege níbẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé tí ENIC ń kọ, ìmọ̀ràn ni; ilé-ìwé tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì (ilé-ìwé àwọn ọmọ tó ti pé ọdún 16) tí ọmọ fẹ́ wọ̀ ló ní àṣẹ láti sọ ohun tí òun yóò gbà. Mo mọ bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ ní A1 mẹ́fà, tó bínú débi pé ó fẹ́ dá ọmọ náà padà sílé nígbà tí wọ́n ní kó wá bẹ̀rẹ̀ A-level ní ọdún kìíní. Ó ní wọ́n rẹ ọmọ òun sílẹ̀. Wọn kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ibi tó yẹ kí wọ́n fi í sí gan-an ni wọ́n fi í sí. Àwa la kò tètè sọ fún bàbá yẹn pé òkè ilé wà. Ọmọ tó parí SS3 ní ọmọ ọdún 16 tàbí 17, tó ní gíréèdì tó dára nínú ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó sì dé ní oṣù kẹjọ, òun ni ọ̀nà rẹ̀ là jù nínú gbogbo àwọn tí mo ti rí.

Àwọn tí kò tíì parí ni wàhálà wà lọ́dọ̀ wọn, àwọn ló sì pọ̀ jù, nítorí pé físà òbí kì í dúró de WAEC ọmọ.

Ní England, ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín ọmọ sí kíláàsì, kì í ṣe ibi tó kàwé dé. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ni ààlà. Ọmọ tó bá ti pé ọdún 11 kí ọjọ́ náà tó dé ń lọ sí Year 7, èyí tó ti pé 14 ń lọ sí Year 10, èyí tó ti pé 15 ń lọ sí Year 11. Year 10 àti Year 11 ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ GCSE, oṣù karùn-ún àti ìkẹfà ní Year 11 ni wọ́n ń ṣe ìdánwò náà, lẹ́yìn náà ni Year 12 àti Year 13 tí í ṣe ti A-level. Yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n ń ṣe ìdánwò ìwọlé, ilé-ìwé ìjọba kì í béèrè ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì ju Year 11 lọ. Àdírẹ́ẹ̀sì àti ọjọ́ ìbí ni ìjọba ìbílẹ̀ ń béèrè kí wọ́n tó wá àyè fún un. Ọ̀pọ̀ òbí a máa yọ̀ sí èyí. Wọ́n á ní, “Wọn ò tiẹ̀ wo rípọ́ọ̀tù ọmọ mi!” Ẹ má tètè yọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ méjì tí wọ́n jọ wà ní SS1 nínú kíláàsì kan náà nílùú Ìbàdàn yìí. A bí èkíní ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2010, a bí èkejì ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 2010. Ọjọ́ mẹ́fà ló wà láàárín wọn. Ká ní àwọn méjèèjì dé Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kìíní ọdún 2026. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, èkíní ti pé ọdún 15, Year 11 ni wọ́n á fi í sí, oṣù mẹ́rin péré ló sì kù kó jókòó ṣe ìdánwò iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ́ fún ọdún kan ààbọ̀. Èkejì ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 14 lọ́jọ́ náà, Year 10 ni tirẹ̀. Ó ní oṣù mẹ́rìndínlógún kí ìdánwò tó dé. Kíláàsì kan náà ni wọ́n ti kúrò nílé, wọ́n lè ní máàkì kan náà, káàdì rípọ́ọ̀tù wọn lè jọra bí ìbejì. Ọjọ́ mẹ́fà sọ èkejì di ọmọ tí yóò ṣe GCSE rẹ̀ dáadáa, ó sì sọ èkíní di ọmọ tí yóò máa wá ibi tí yóò ti tún un ṣe.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè pé ṣé wọn kò lè dá ọmọ padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀ ni. Ó ṣeé ṣe, ilé-ìwé ní àṣẹ sí i, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ ṣe é, ẹ má sì fi ṣe ohun tí ẹ gbójú lé. Èyí tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ yóò ṣe ìdánwò tó bá lè ṣe nínú Year 11, yóò wá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní oṣù kẹsàn-án, níbi tí díẹ̀ nínú wọn ti ní ètò ọdún kan fún GCSE. Láti ọdún 2017 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà kọ gíréèdì GCSE, 9 ni òkè pátápátá, 1 ni ìsàlẹ̀. Gíréèdì 4 ni àṣeyege. Ọmọ tí kò bá ní 4 nínú ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò máa ka méjèèjì lọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì títí yóò fi kúrò níbẹ̀ tàbí títí yóò fi ní i, ohunkóhun yòówù tí ì báà máa kọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ní Scotland, ètò tiwọn yàtọ̀, National 5 àti Higher ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá ń lọ sí Glasgow tàbí Aberdeen kó má ṣe fi àlàyé GCSE yìí lé ọmọ rẹ̀ lórí.

Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo fojú rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan tó wọ kíláàsì mi ní oṣù kejì, ní Year 10. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi í jókòó sí. Bí mo bá pè é, á dìde dúró kó tó dáhùn, á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á ní “Yes, sir,” àwọn ọmọ yòókù á sì rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì, kò dáhùn mọ́. Àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó, ọmọ tó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti jẹ́léósinmi. Kíláàsì ìṣirò tó kéré jù ni wọ́n fi í sí. Mo ṣí báàgì rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń wá ruler, mo rí ìwé four-figure table nínú rẹ̀, èyí tí igun rẹ̀ ti ká. Mo kọ ìṣirò quadratic kan sí orí bébà, mo ní kó ṣe é. Kò lo kakulétọ̀. Ó kọ fọ́múlà náà láti orí, ó sì yanjú rẹ̀ kí n tó yọ gíláàsì ojú mi nù tán.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ ìtìjú ni pé ìdánwò GCSE ìṣirò ní ìpele méjì. Ọ̀kan ń jẹ́ Foundation, èkejì ń jẹ́ Higher. Ẹni tó bá ṣe Foundation, bó tiẹ̀ gba gbogbo ìbéèrè tán láìṣìṣe, gíréèdì 5 ni òpin rẹ̀. Kò sí bó ṣe lè rí 6. Kíláàsì tí wọ́n bá fi ọmọ sí ló sábà ń sọ ìpele tó máa ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kì í gba ọmọ tí kò ní 6 tàbí 7 sí ìṣirò A-level. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe gùn: ọmọ dákẹ́ ní oṣù kejì, wọ́n fi í sí ìsàlẹ̀ ní oṣù kẹta, ilẹ̀kùn iṣẹ́ ẹnjiníà sì ti ń pa dé mọ́ ọn kó tó pé ọmọ ọdún 16. Káàdì rípọ́ọ̀tù ọmọbìnrin náà, ti ọdún mẹ́ta gbáko, wà nílé, nínú àpótí ìyá rẹ̀, a fi ọ̀rá dì í. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀, ìyá náà sì rò pé bí wọn kò bá béèrè, wọn kò nílò rẹ̀ ni. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n á béèrè. Ẹ gbé e lọ, ẹ ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ìṣirò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé, “Ìpele wo lẹ ń múra ọmọ mi sílẹ̀ fún?” Ìbéèrè kan yìí ti yí ìgbésí ayé ọmọ padà lójú mi.

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, òdìkejì èyí ni. Níbẹ̀, káàdì rípọ́ọ̀tù ni owó. Ní ìpínlẹ̀ Ontario, ọgbọ̀n krẹ́dìtì, ìyẹn ohun tí wọ́n ń kà fún ọmọ lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá yege, ni ọmọ gbọ́dọ̀ ní kó tó gba ìwé ẹ̀rí sẹ́kọ́ńdìrì, pẹ̀lú wákàtí 40 iṣẹ́ ìrànwọ́ láàárín ìlú, àti ìdánwò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ọmọ tó bá ti òkèèrè dé, pírínsípà ni yóò wo ohun tó ti kọ́ nílé, tí yóò sì sọ iye krẹ́dìtì tó bá a dọ́gba. Ní Amẹ́ríkà, kò sí àjọ kan tó ń ṣe é fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Houston lè má jẹ́ ohun tí wọ́n ń ṣe ní Chicago. Físíìsì tí ọmọ kọ́ ní SS1 lè di krẹ́dìtì kan lódindi, tàbí kó di òfo, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sórí ìwé pé ó kọ́ ọ.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ máàkì ti ń dá ìjà sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, 75 ni A1. Ọmọ tó bá ní 75 nínú kẹ́místìrì, ìyá rẹ̀ á se jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹ gbé 75 yẹn fún olùdámọ̀ràn ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà, níbi tí A ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 90, C ló máa kà á sí. Ọmọ tó ṣe ipò kìíní nínú kíláàsì ọmọ 45 á wá di ọmọ àárín lójú ìwé. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ gba ìwé ní ilé-ìwé ọmọ yín, ẹ má gba èyí tí nọ́ńbà nìkan wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí pírínsípà kọ ìtumọ̀ gíréèdì sí ìsàlẹ̀, láti A1 dé F9, pẹ̀lú máàkì tí kálukú wọn bẹ̀rẹ̀ sí, kí ó bu ọwọ́ lù ú, kí ó sì fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ipò tí ọmọ ṣe nínú kíláàsì náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n kọ iye ọmọ tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọjọ́ ìbí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ẹkún jù. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn àṣìṣe ìwé wa náà, ilé la ti ń kó wọn ròde. Orúkọ ọmọ ní ìwé ìrìnnà ni Olúwadámiláre. Ní ilé-ìwé, Dámiláre ni. Lórí BECE tí ó ṣe ní JSS3, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fi Samuel, orúkọ ìsàmì rẹ̀, ṣáájú, ó sì fi orúkọ bàbá sí àárín. Gbogbo wa níbí mọ̀ pé ọmọ kan náà ni. Akọ̀wé tó jókòó ní Toronto kò mọ̀ ọ́n. Ẹni mẹ́ta ló rí. Èyí ṣì fúyẹ́, ìwé ìbúra kóòtù lè so àwọn orúkọ náà pọ̀. Èyí tó wúwo ni ọjọ́ ìbí. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa: àwọn òbí kan ti fi ọdún kan kún ọjọ́ orí ọmọ kó lè tètè wọ JSS1, àwọn mìíràn ti yọ ọdún méjì kúrò nítorí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ gba ìwé ìrìnnà, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ National Population Commission, wọ́n sì sọ òótọ́ níbẹ̀. Ọmọ wá ní ọjọ́ ìbí méjì. Ní ilẹ̀ tó jẹ́ pé ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín kíláàsì, ẹ̀yin náà ti rí ohun tí èyí lè dá sílẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ nílé gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Láti òkè òkun, mo mọ ẹni tó ti gbà ní ọdún kan.

Ti WAEC fúnra rẹ̀ ti rọrùn ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Láti ọdún 2022 ni wọ́n ti gbé ètò ìwé ẹ̀rí orí íntánẹ́ẹ̀tì jáde, tí ẹni tó ni ín lè fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé tó bá béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n WAEC kò lè fi ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ tó kúrò ní SS2 kò ní ohunkóhun lọ́dọ̀ WAEC, BECE rẹ̀ kò sì ní ṣí ilẹ̀kùn Year 12 fún un. Gbogbo ẹ̀rí tó kù pé ó ti kàwé rí wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì pírínsípà, nínú ìwé ńlá tí ìkán lè jẹ.

Àwọn ará wa láti Kétu, Pobè àti Sàkété tó wà níjókòó lónìí, tiyín tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, orí òdì ni wọ́n ń ka kíláàsì: láti 6ème ni ọmọ ti ń sọ̀kalẹ̀ wá sí 3ème, níbi tó ti ń ṣe BEPC, ìdánwò tó dà bí BECE tiwa, kó tó kọjá sí 2nde, 1ère àti Terminale tí wọ́n ti ń ṣe bákì, ìdánwò ìparí sẹ́kọ́ńdìrì wọn. Bí ọmọ bá kọ 3ème sílẹ̀ fún ilé-ìwé ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù láìsí àlàyé, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé kíláàsì kẹta ló wà. Bákì tiyín ní òkè ilé tí a wó kúrò lára tiwa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í wé WAEC.

Mo mọ̀ pé òbí kì í fi gbogbo ìgbà ní àṣẹ lórí oṣù tí wọn yóò gbéra. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, púpọ̀ nínú àwọn tó ń lọ ka ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú ọmọ dání mọ́, àfi àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Láti oṣù kẹta ọdún náà, irú òfin bẹ́ẹ̀ ti kan àwọn tí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó gbé lọ. Ẹni tí àǹfààní ṣí sílẹ̀ fún yóò fẹ́ sáré gba ibẹ̀ kọjá kí wọ́n tó tì í, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí físà bá ti jáde, tó sì fún yín ní oṣù díẹ̀ láti fi wọ̀lú, ẹ fi ọjọ́ ìbí ọmọ àti káléńdà ilé-ìwé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Kí n fi ti ìyá tó bá mi sọ̀rọ̀ lánàá parí rẹ̀. Ó gbà mí láyè láti sọ ọ́. Ọmọkùnrin rẹ̀ wà ní SS2, oṣù kọkànlá ọdún 2009 ni wọ́n bí i, bàbá ọmọ náà ti wà ní Manchester, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ wọkọ̀ òfurufú ní oṣù kìíní ọdún 2026. A jọ ṣírò ó lórí ẹ̀yìn kádì ìpè ìgbéyàwó kan. Bó bá lọ ní oṣù kìíní, Year 11 ni, ìdánwò ní oṣù karùn-ún. Bó bá dúró parí WAEC ní ọdún 2027, ọmọ ọdún 17 ni yóò jẹ́ nígbà tí èsì bá jáde, oṣù mẹ́ta ló sì máa kù kó pé 18, ọjọ́ orí tí kò ní lè gba físà ọmọ lẹ́yìn bàbá rẹ̀ mọ́. Ìdádúró kékeré kan, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí ó parí SS2 ní oṣù keje ọdún 2026, kó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní oṣù kẹsàn-án ní ọmọ ọdún 16 fún GCSE ọlọ́dún kan, lẹ́yìn náà A-level. Yóò jẹ́ ọmọ ọdún 19 nígbà tó bá parí, kò burú. Inú ìyá náà dùn, ó ní òun á pe bàbá rẹ̀ lálẹ́. Ó wá ṣí báàgì rẹ̀, ó fa káàdì rípọ́ọ̀tù ọmọ náà yọ kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún ìbí tó wà lókè rẹ̀ ni 2008. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọ́fíìsì pírínsípà ni yóò kọ́kọ́ gbà lọ.